Uncle Dọ̀tun àti Eré Ìje Àwọn Bàbá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín ní tààrà: Ọlọ́run fún Uncle Adédọ̀tun ní ìyàwó rere, ó fún un ní ọmọ tó já fáfá, ó fún un ní mọ́tò tí kì í dákú lójú ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run kò fi bùréèkì sí.

Ilé kan náà là ń gbé ní Thamesmead, ní London, èmi nísàlẹ̀, àwọn lókè. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Èyí tí ojú mi kò bá ṣe, etí mi gbọ́ ọ, nítorí ògiri ilé wa fẹ́lẹ́ bí àkàrà òyìnbó tí wọ́n gé fún aláìsàn.

Ẹlòmíràn a máa fi ilé yangàn, ẹlòmíràn a fi ọmọ. Ikùn ni Uncle Dọ̀tun fi ń yangàn ní tirẹ̀. Tó bá ti dúró níwájú àwọn ìsọ̀ ní Woolwich, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, pòò! pòò! bí ẹni tó ń yẹ bàrà olómi wò bóyá ó ti pọ́n. Á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe ikùn lásán nìyí o! Ẹni tí London bá gbà tọwọ́tẹsẹ̀, ara rẹ̀ la ti í mọ̀."

Òwe kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òwe tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló máa ń sanra kó tó jáde. "Ìwà lẹwà," làwọn àgbà wí. Tirẹ̀ ni, "Ikùn lẹwà." "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run," ni wọ́n fi kọ́ àwa. Uncle ní, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọlá!" Àwọn tó ń sáré létí odò ní Royal Arsenal láàárọ̀, àánú wọn ló máa ń ṣe é. "Ẹ wò wọ́n. Ajá ò lé wọn, ọlọ́pàá ò lé wọn, wọ́n ń sáré. Ìyà ló ń jẹ wọ́n."

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe bó ṣe dé nìyẹn. Nígbà tó ti Èkó dé, tínínrín ni. Bí afẹ́fẹ́ odò Thames bá ń fẹ́, òpó iná ló máa ń dì mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ takisí ló rí ṣe, iṣẹ́ takisí sì rèé, iṣẹ́ ìjókòó ni. Láàárọ̀, míìtì páì kan lórí sítíárìn, mínírà kan láàárín itan. Tó bá gbé èrò dé pápá ọkọ̀ òfurufú, tó ń dúró de òmíràn, bísíkíìtì ni, kí oorun má baà gbé e. Tó bá délé, èbà. Oorun tó yẹ kó sùn, fóònù ló ń bá a sùn ún.

Mọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà Uncle ló máa ń lọ mú Keziah, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, nílé-ìwé. Ọ̀nà náà kò jìnnà rárá, ẹni tó bá sín nílé-ìwé, wọ́n á kí i "pẹ̀lẹ́" nílé. Mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ o! Ìsọ̀ adìẹ díndín sì wà lójú ọ̀nà. Páálí kan fún bàbá, páálí kan fún ọmọ, adìẹ, chips àti mínírà. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán nínú mọ́tò, wọ́n á ṣí wíńdò kí òórùn lè jáde. Tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á tún jẹ oúnjẹ tí Mọ́wùnmí sè sílẹ̀, kí Mummy má baà fura.

Bí Keziah ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ nìyẹn. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, màá gbọ́ èémí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Mọ́wùnmí ní, "Daddy Keziah, ẹ wo ọmọ yìí. Ó ń mí bí ẹni tó ru òkúta. 'Double Decker', bọ́ọ̀sì alájà méjì, làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nílé-ìwé."

"Ìlara ni!" ni Uncle dáhùn. "Egungun ńlá ni egungun ìdílé wa. Ọmọ ẹkùn kì í jọ ológbò."

"Ẹkùn kì í sanra," ni Mọ́wùnmí wí, ó sì lọ ibi iṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Thamesmead West, ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀. Bí Pásítọ̀ Isaac bá ní ká dijú ká gbàdúrà, kí á tó ṣe àmín, Uncle Dọ̀tun ti ń hanrun. Ìhanrun yẹn! Àlejò kan gbọ́ ọ rí, ó la ojú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé ọkọ̀ ńlá kan ló fẹ́ wá já ẹrù. Bí wọ́n bá jí Uncle, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, inú ẹ̀mí ni mo wà."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Nọ́ọ̀sì Moráyọ̀, ọmọ ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, tẹ́ tábìlì síwájú lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kò sẹ́ni tó máa lọ sílé láìyẹ ara rẹ̀ wò. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí wá báàgì rẹ̀. Uncle Dọ̀tun ló dìde.

"Ẹ yà fún mi! Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí bí ọkùnrin ṣe ń rí, kó lè rí nǹkan fi yín wé."

Moráyọ̀ mú téèpù, ó fi yí ìbàdí rẹ̀. Téèpù lọ, kò padà pàdé ara rẹ̀. Ó ní láti so òmíràn mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Uncle kígbe. "Òṣùwọ̀n èèyàn lásán ò lè wọn ẹni àmì òróró!"

Ó kan ẹ̀jẹ̀ ríru. Moráyọ̀ fi aṣọ ẹ̀rọ náà di apá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń wú, ó ń wú, ó wá já fàà! A bú sẹ́rìn-ín. Uncle na apá sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Moráyọ̀ mú èyí tó tóbi jù jáde, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó gún un níka, ó wo ìyẹn náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Uncle, ẹ̀jẹ̀ yín ga o."

"Kí ló wà lára mi tí kò ga?"

"Ó ga púpọ̀, sà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín náà pọ̀ jù."

"Ṣé ayé mi ń dùn, o wá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi máa korò ni?"

Ṣọ́ọ̀ṣì mì! Pásítọ̀ Isaac fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ọwọ́ rẹ̀ di kóòtù rẹ̀ mú níwájú, nítorí òun náà ní nǹkan tó ń bò.

Moráyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Uncle, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ọlá. Ara ẹlòmíràn máa ń tètè gba ọ̀rá ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ ìran, ó lè jẹ́ oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ń mu mínírà bí omi, oorun yín ò tó. Ọ̀rá tẹ́ ẹ̀ ń gbá lóde yẹn, ó ní ẹ̀gbọ́n nínú lọ́hùn-ún tó ti dì mọ́ ẹ̀dọ̀ yín. Ìhanrun yìí sì rèé, ọ̀fun yín ló ń dí, èémí yín ló ń dá dúró lójú oorun. Awakọ̀ ni yín o! Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí."

Ó wo Keziah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó rọ ohùn. "Ọmọ yìí náà ńkọ́? Ẹ má febi pa á, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Kí gbogbo ilé jọ yí oúnjẹ padà, kó sì máa ṣeré. Ẹ bá wa rìn létí odò ní Sátidé."

"Rìn?" Uncle wò wá yíká. "Moráyọ̀, o ò mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Mànàmáná ni wọ́n ń pè mí nílé-ìwé! Tí mo bá ń sáré, òjìji mi á máa bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Tí mo bá kọjá níwájú ewúrẹ́, á sá wọlé, á rò pé òjò ló fẹ́ rọ̀."

Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, ìtàn tán. Ṣùgbọ́n ojú Keziah ti tàn yanran.

"Daddy, for real? Àwọn daddies máa ń sáré ní sports day wa, next week. Ṣé o máa run?"

Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ẹnu tí kò ní bùréèkì, ẹ mọ̀ pé kò lè dúró.

"Ta ló wá máa gba ipò kìn-ín-ní bí kì í bá ṣe èmi?"

"Promise?"

"Mo ṣèlérí!"

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́," ni Moráyọ̀ wí, "dókítà ni mo ní kẹ́ ẹ lọ rí, kì í ṣe pápá." Ta ló gbọ́?

Ohun tí Uncle kò mọ̀ ni pé kí ọ̀sẹ̀ tó jìnnà, Keziah ti sọ fún gbogbo kíláàsì. Ó ti dúró níwájú àwọn tó ń pè é ní Double Decker, ó ní bàbá òun ló lè sáré jù ní Thamesmead. Mọ́wùnmí ló sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ẹ bá mi débẹ̀ lọ́jọ́ náà o."

Ọjọ́ pé. Uncle Dọ̀tun ti ra aṣọ eré ìdárayá aláwọ̀ wúrà, tó ń dán yinrin. Síìpù rẹ̀ gòkè dé àárín ikùn, ó kọ̀ láti tẹ̀síwájú. Ó wá dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ fẹ́ bẹ́.

Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n tò fún òbí. Uncle jókòó. Nígbà tí wọ́n pe àwọn bàbá, Uncle dìde, àga náà bá a dìde. Tíṣà méjì fà á lẹ́yìn kó tó bọ́.

"Wọ́n mà fẹ́ràn mi nílé-ìwé yìí o!" ni Uncle wí. "Àga gan-an ò fẹ́ kí n lọ."

Okùn bàtà rẹ̀ tú. Ó wo ilẹ̀, ikùn nìkan ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ba, ó dúró ní àárín ọ̀nà, ó padà sókè. Keziah kúnlẹ̀, ó bá a so ó. Nígbà tí ọmọ náà máa fi dìde, òun náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wo Mọ́wùnmí. Ó mú ọwọ́ mi, ó fún un pinpin.

Àwọn bàbá tò. Ọmọ Nepal kan wà níbẹ̀ tó rí bí igi ìṣáná. Òyìnbó kan wọ bàtà iṣẹ́ bíríkì. Uncle bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n má bínú sí òun lẹ́yìn eré.

Fèrè dún!

Ọlọ́run lẹ́rìí mi, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kúrò lójú ìlà. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ikùn Uncle Dọ̀tun ló wà ní ipò kìn-ín-ní. Ó wá ku kí ìyókù ara rẹ̀ tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ṣòkòtò wúrà já lẹ́yìn, fààà! Páńtì olódòdó pupa yọjú sí gbogbo Thamesmead. Uncle fi ọwọ́ kan bo ẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì sáré. Àwọn tó kù ti dé òpin, wọ́n ti bọra lọ́wọ́, wọ́n ti ń mu omi. Uncle ń bọ̀. Tíṣà dúró, ó dúró, ó wo aago. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kàn, àwọn tó ń fi ṣíbí gbé ẹyin sáré. Tíṣà fọn fèrè fún wọn. Wọ́n kọjá lára Mànàmáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ẹyin ẹyọ kan ò jábọ́!

Bẹ́ẹ̀ ni Uncle dúró, ó gbá àyà mú, ó dojú bo koríko.

A ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré rẹ̀ kan náà ni. Mọ́wùnmí ló kọ́kọ́ sáré.

Àwọn méjì tó bá ọkọ̀ ọsibítù wá gbìyànjú láti gbé e, wọn ò lè gbé e. Gbogbo àwọn bàbá tí Uncle ní òun máa fi sẹ́yìn ló wá dì í mú. Ọmọ Nepal yẹn ló gbé orí, ẹni bàtà bíríkì gbé ẹsẹ̀. Keziah sì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

"Daddy, má kú. Please. Èmi ni mo fà á. Mo sọ fún gbogbo wọn pé o lè sáré. I'm sorry, Daddy. Mi ò ní jẹ chips mọ́ láéláé."

Ojú Uncle là, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu náà ṣí. Kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọlọ́run ṣe é, ọkàn rẹ̀ kò dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ìkìlọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fẹ́ gbé e lọ, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí èmi àti Mọ́wùnmí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ èémí kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti dá ẹnu náà sílẹ̀.

"Dókítà," ló ń wí, "ẹ má wo ti ikùn yìí. Egungun ńlá ló wà nínú ìdílé wa."

Dókítà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti rí egungun yín nínú fọ́tò tí a yà, sà. Kò tóbi. Ká sòótọ́, ó kéré díẹ̀."

Mọ́wùnmí tó ti ń sunkún láti àná kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni o, kì í ṣe ẹkún.

Pásítọ̀ Isaac wọlé. Uncle di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Pásítọ̀, ọfà ni! Àwọn ará ilé ló ta á láti Nàìjíríà!"

Pásítọ̀ wo ikùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bọ̀dá Dọ̀tun, ọfà wo ló máa ti Nàìjíríà wá, tó tún máa lágbára láti gba inú gbogbo eléyìí kọjá kó tó kan ọkàn?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀, bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ ta jáde, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Pásítọ̀ wo ibi tó yí gbà. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni Moráyọ̀ ní wọ́n ń rìn létí odò?"

Lẹ́yìn tó lọ, Uncle yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mọ́wùnmí, ọmọ yẹn rò pé òun ló ṣe mí. Èmi ni mo ń ra páálí adìẹ fún un lójoojúmọ́. Inú mọ́tò la ti ń jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? A máa ń ṣí wíńdò!"

"Daddy Keziah, ẹ máa ń ṣí wíńdò. Ẹ kì í nu ẹnu."

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọkọ̀ wíwà títí wọ́n á fi tọ́jú ìhanrun rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kan tó ń fi símú sùn, tó fi ń dà bí awakọ̀ òfurufú tó sọnù. Ẹsẹ̀ ló wá fi ń mú Keziah lọ sílé-ìwé. Mínírà kúrò nílé, omi wọlé. Ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, òkèlè kéré sí i, kò sì sẹ́ni tí wọ́n febi pa. Ní Sátidé wọ́n á bá Moráyọ̀ rìn láti Royal Arsenal, òun, Keziah, Pásítọ̀, àtàwọn ìyá àgbà ìjọ tí wọ́n ń yára níwájú bí ọlọ́pàá. Àwọn àwáwí Uncle pọ̀ ju bẹ́ńṣì etí odò lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n rìn dé ìtòsí Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí London, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́ sí wọn, gbogbo èèyàn mú ẹsẹ̀ yá. Uncle jókòó. Ó ní òun ń gbàdúrà fáwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ní ti Keziah, lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn. Mo gbá ìgbálẹ̀ mú, mo rò pé olè ni. Keziah ni! Ó ń sáré gòkè, ó ń kọrin, ó kí mi láìdúró. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, omi bọ́ lójú mi.

Ṣé ẹ rò pé Uncle kọ́gbọ́n? Ó kọ́ ọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló kọ́ ọ, àfi ẹnu. Ní ọjọ́ ìjẹ́rìí, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Pásítọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀!"

Moráyọ̀ mi orí. Òótọ́ ni. A pàtẹ́wọ́.

"Ṣúgà mi ti ń lọ sílẹ̀!"

Òótọ́ ni. A tún pàtẹ́wọ́. Bó bá jókòó báyìí, ọkùnrin ni.

"Ìyẹn kéré! Mo ra ẹ̀rọ ìwọ̀n sílé. Mo gùn ún láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará, mo ti fúyẹ́ ju ìyàwó mi lọ! Bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí, ìyẹ́ ni mí, afẹ́fẹ́ lásán ló kù!"

Gbogbo ìjọ yíjú sí Mọ́wùnmí. Mọ́wùnmí ń wo òrùlé.

"Ẹ ò gbà mí gbọ́? Keziah wà níbẹ̀! Keziah, wá sọ fún wọn!"

Keziah jáde síwájú. Ó gba gbohùngbohùn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Pásítọ̀, ó wo àgbélébùú tó wà lára ògiri.

"Yes, òótọ́ ni. Daddy gun scale nínú bathroom," ló wí, "but ó di sinkì mú. Pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì."

Uncle na ọwọ́ láti gba gbohùngbohùn, Keziah fà á sẹ́yìn díẹ̀.

"Sinkì náà ti já."